Ọkọ̀ Kékeré, Ẹ́ńjìnnì Ńlá: Ìrántí Nova, Dart àti Duster Ayé Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ará wa sọ níbi ìpàdé wa ní agbègbè Detroit, ìpínlẹ̀ Michigan. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kí alága. Mo kí ẹ̀yin ìyá wa. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wakọ̀ wá láti Ohio, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru wá síbí láìfojú kan oorun. Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ń tẹ fóònù, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin gan-an lẹ fa ọ̀rọ̀ òní.

Báwo lẹ ṣe fà á? Sátidé tó kọjá, gbogbo wa la rí i bí títì Woodward ṣe dí pinpin. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọkọ̀ àtijọ́ jáde sí títì yẹn lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, wọ́n ń pè é ní Woodward Dream Cruise. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa wá bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí àwọn àgbàlagbà yìí ń sunkún nítorí irin àtijọ́ tó ń pariwo, tó ń mu epo bí ọ̀mùtí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí alága bá mi wá àyè sí ìpàdé tòní.

N ò ní sọ̀rọ̀ Corvette o. N ò sì ní sọ̀rọ̀ Mustang púpọ̀, gbogbo ayé ló ti ń bá wa sọ ọ́. Àwọn tí mo fẹ́ sọ ni àwọn kékeré, àwọn tí òyìnbó ń pè ní compact, tí ìyá ilé fi ń lọ ra ẹ̀fọ́, tí ẹnì kan wá ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ̀ nínú. Chevrolet Nova. Dodge Dart. Plymouth Duster. Rambler ilé AMC, ìyẹn American Motors. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní lórí wọn: ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni wọ́n. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ ní fáktìrì lè fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra èyí tó yára jù lọ ní àdúgbò. Ohun tí wọ́n ń sunkún sí nìyẹn.

IBI TÍ WỌ́N TI ṢẸ̀ WÁ

Kí n yára kọjá níbí.

Nígbà tí ọdún 1958 fi máa dé, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti tóbi kọjá ààlà, ó gùn, ó wúwo, ó hu ìyẹ́ irin nídìí. Ọdún yẹn náà ni ọrọ̀ ajé wọn rọ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra Volkswagen, èyí tí àwa nílé ń pè ní Ìjàpá. Wọ́n tún ń ra Rambler, torí George Romney, ọ̀gá AMC, ń lọ káàkiri ó ń bú ọkọ̀ ńlá fún wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó jẹ́ ọba ní Detroit rí i pé ọjà ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọdún 1959 ń parí lọ, General Motors gbé Corvair jáde, Ford gbé Falcon jáde, Chrysler gbé Valiant jáde. Falcon ló tà jù, ó lé ní 400,000 lọ́dún àkọ́kọ́. Robert McNamara ló wà nídìí Falcon, oníṣirò paraku, ẹni tí Ààrẹ Kennedy padà mú ṣe mínísítà ètò ààbò. Ọkọ̀ náà jọ ẹni tó bí i: ó mọ́ níwọ̀n, ó ń ṣọ́ owó ná, kò mọ fàájì kankan.

Corvair gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ sẹ́yìn, kò sì lè bá Falcon du ọjà, ni Chevrolet, tó jẹ́ ti General Motors, bá yára ṣe Chevy II fún ọdún 1962. Nova ni orúkọ èyí tó gbówó lórí jù nínú wọn. Dodge, tó jẹ́ ti Chrysler, náà sọ Dart di compact ní 1963. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Mustang, mo ṣèlérí pé n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: egungun Falcon ni wọ́n wọ aṣọ tuntun fún ní oṣù Kẹrin 1964 tí wọ́n fi pè é ní Mustang.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Kò sẹ́ni tó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí fún eré sísá. Tíṣà ni wọ́n ṣe é fún. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe é fún.

BÍ AGBÁRA ṢE WỌ INÚ WỌN

Àwọn àgbà wa sọ ọ́, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kí ni? (Gbogbo ilé dáhùn: "Kì í ṣe mímì fún adìẹ!") Ẹ ṣeun.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì tó ń fa ọkọ̀ tó wúwo, tí a gbé e sínú ọkọ̀ tó fúyẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Kò sí ìdán níbẹ̀. Ní ọdún 1966, Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì V8 kan, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, tí wọ́n ń pè ní L79 sínú Chevy II. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 327, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 350. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yìí dẹ́rù bà yín. 327, 340, 396, bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń sọ, ínṣì ni àwọn ará ibí fi ń wọ̀n ọ́n. 340 ju líta márùn-ún àbọ̀ lọ díẹ̀. Peugeot 504 tí gbogbo wa mọ̀ nílé, tó ń gbé wa láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, líta méjì péré ni.

Bí ẹ bá sì wo Chevy II náà lójú, ẹ ò ní mọ̀. Ó ṣe jẹ́ẹ́jẹ́, ó dà bíi ti ẹni tó ń lọ sí ilé ìfowópamọ́. Ẹ fojú inú wò ó ní ìdúró iná pupa lórí Woodward, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì: ọmọ olówó kan jókòó sínú ọkọ̀ ńlá tuntun, ó ń yọ ṣùtì sí ọkọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná yí padà. Ìdí ọkọ̀ kékeré náà ni yóò máa wò dé òpin títì!

Ti Dart tún ládùn ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin kan wà ní Chicago, Norm Kraus, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mr. Norm, tó ń ta ọkọ̀ Dodge ní Grand Spaulding. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì 383 sínú Dart. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ ní kò lè gbà á, àyè ò sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Norm ò bá wọn jiyàn. Ó ní kí àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ fi í sí i, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà wá sí Detroit níbí, wọ́n ní kí àwọn ẹnjiníà wá wò ó fúnra wọn. Ilé-iṣẹ́ gbà. Lóòótọ́ ni àyè há: Dart tó gbé 383 kò ráyè fún ohun tó ń mú sítíárì fúyẹ́, ọwọ́ lásán lo máa fi yí i, àfi kí apá rẹ yáa le.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Ní 1968, Dart GTS jáde pẹ̀lú 340 tí wọ́n ní agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 275. Àwọn tó wà á sọ pé ilé-iṣẹ́ ń bu ọ̀rọ̀ kù ni, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún yẹn náà ni Nova SS gba 396. Ọdún yẹn náà ni Chrysler àti Hurst, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀pá gíà fún ọkọ̀ eré, ṣe àwọn Dart bí ọgọ́rin tó gbé Hemi, ẹ́ńjìnnì Chrysler tó lágbára jù lọ, àwọn ọkọ̀ tí kò wà fún títì rárá, ìdíje nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ní 1969, Don Yenko, oníṣòwò ọkọ̀ ní Canonsburg ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ki 427 bọ inú Nova. Kò ṣe tó ogójì.

Ní tèmi o, ẹ lè bá mi jiyàn lẹ́yìn ìpàdé: àwọn tó gbé 340 àti 350 ló dára jù. Àwọn tó gbé ẹ́ńjìnnì gìdìgbà, iwájú wọn wúwo jù. Ní ọ̀nà gbọọrọ wọ́n dùn, tó bá di kọ́nà, àdúrà ló kù. Àmọ́ 340 gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ẹ jẹ́ ká jókòó síbí dáadáa, torí ibí ni mo ń bọ̀ láti àárọ̀.

Nígbà tí Plymouth, ọmọ ìyá Dodge nílé Chrysler, fẹ́ ṣe Duster fún ọdún 1970, owó tí wọ́n fún wọn kò pọ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi iwájú Valiant sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan padà, wọ́n ya àwòrán ìjì kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín sí i lára. Ó parí. Ó sì lé ní 200,000 tí wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ agbára, Duster 340 wà, iye rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kò tó 2,600 dọ́là, kí o tó máa ra àwọn àfikún sí i. Ẹ gbọ́ mi yékéyéké: ọkọ̀ tó lè fún àwọn tó gbówó jù ú lọ ní eruku jẹ, kò tó 2,600 dọ́là!

AMC ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ kékeré ni AMC, Kenosha, ní Wisconsin, ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ wọn, wọn ò lówó bíi ti àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yẹn. Ní 1969 wọ́n mú Rambler tiwọn, ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ọkọ̀ àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Hurst ṣe àjọṣe, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì 390 sí i. Wọ́n kùn ún ní pupa, funfun àti búlúù. Wọ́n gbé àpótí afẹ́fẹ́ ràgàjì kan lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ya ọfà ńlá síwájú rẹ̀, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Ó burẹ́wà? Ó burẹ́wà. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. 1,512 péré ni wọ́n ṣe, 2,998 dọ́là ni wọ́n ń tà á.

Èyí kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín. Dodge rí i pé Duster ń tà, wọ́n ní kí àwọn náà ṣe tiwọn ní 1971. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Demon! Wọ́n tún ya èṣù kékeré kan sí i lára tó mú fọ́ọ̀kì dání. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló máa gbé ìyẹn síwájú ilé àlùfáà? Àwọn onígbàgbọ́ pariwo, ilé-iṣẹ́ sì gbọ́ràn: nígbà tó di 1973 wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ sí Dart Sport. Ẹ́ńjìnnì 340 ṣì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà. Orúkọ nìkan ló gba ìrìbọmi.

Èmi náà ní Duster. Kì í ṣe 340 o. Àlòkù ni, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Chrysler dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè rẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà yẹn, mo ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní gáréèjì mẹkáníìkì kan. Ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ ò lè pa á. Àwa ọmọ Nàìjíríà mélòó kan la jọ ń wọ̀ ọ́ lọ síléèwé nínú yìnyín. A máa ń yọ bátìrì rẹ̀, a ó gbé e sùn sínú yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, a ó tún gbé e padà láàárọ̀. Ó máa ń sọ kọ́ọ́, kọ́ọ́, lẹ́yìn náà ó jí. Ìyá Bọ́lá tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn ń mi orí, ó mọ ohun tí mò ń sọ.

ỌWỌ́ TÓ TÒ WỌ́N

Ta ló to àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí? Ìbéèrè tí wọn kì í bi ara wọn ní Woodward nìyẹn.

Fáktìrì kan wà ní Hamtramck, ìlú kékeré tí Detroit yí ká. Dodge Main ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to Dart, Valiant àti Duster. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí àwọn tàbí òbí wọn ti ìpínlẹ̀ Gúúsù wá, wọ́n sá fún ìyà òun ìkórìíra tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ tó lówó lórí. Ní oṣù Karùn-ún 1968, ọdún tí Dart GTS jáde gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ Dodge Main yanṣẹ́ lódì nítorí pé wọ́n ń mú kí iṣẹ́ yá ju bí ọwọ́ èèyàn ṣe lè yá lọ. Àwọn dúdú ni ìyà ìyanṣẹ́lódì náà dùn jù. Láti inú ìyẹn ni ẹgbẹ́ DRUM ti jáde, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tó dojú kọ ilé-iṣẹ́, tó sì dojú kọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Dart 1968 kan tó ń dán yinrin ní Woodward, ẹ rántí pé ìjà wà níbi tí wọ́n ti bí i.

A ní aládùúgbò kan, Bàbá Alabama la máa ń pè é. Dodge Main ló ti ṣiṣẹ́. Ó ní Dart Swinger 340 kan, aláwọ̀ ewé, ó sì fi owó iṣẹ́ rẹ̀ rà á ní tuntun. Lọ́jọ́ Àìkú, bó bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, yóò bọ́ kóòtù, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò pè wá. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Bàbá, ẹ ò bẹ̀rù pé ẹni tó to ọkọ̀ yín ti rẹ̀ lọ́jọ́ tó tò ó?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ó rẹ̀ ẹ́ dájú. Torí ẹ̀ ni mo ṣe tún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè fúnra mi."

Kò sọ fún wa rí pé òun fẹ́ràn fáktìrì yẹn. Ọkọ̀ náà ló fẹ́ràn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó sì yé e dáadáa.

OHUN TÓ PA WỌ́N

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ọ̀wọ́n epo ló pa ọkọ̀ alágbára. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àwọn oníṣúránsì ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n wo ọmọ ogún ọdún tó fẹ́ ra ọkọ̀ ẹṣin 350, wọ́n wo iye ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti sìn, wọ́n wá gbé owó ìṣúránsì lé e lórí títí ó fi fẹ́ẹ̀ bá owó ọkọ̀ dọ́gba. Don Yenko tó fi 427 sínú Nova lẹ́ẹ̀kan, ní 1970 ó yí padà, ó ṣe èyí tó pè ní Deuce, ẹ́ńjìnnì 350 ló fi sí i, torí 350 kò ní ta oníṣúránsì lójí. Lẹ́yìn wọn ni ìjọba dé. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní 1970, ilé-iṣẹ́ ní láti múra sílẹ̀ fún epo tí kò ní òjé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Ní 1972 wọ́n tún yí bí wọ́n ṣe ń wọn agbára padà: tẹ́lẹ̀, ìhòòhò ni wọ́n ń wọn ẹ́ńjìnnì, báyìí wọ́n ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú sáílẹ́ńsà àti gbogbo ẹrù tó ń gbé. 340 tó jẹ́ 275 lánàá di 240. Apá kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán, apá kan jẹ́ òótọ́.

Ìgbà yẹn ni oṣù Kẹwàá 1973 wá dé, tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ti ẹnu kànga epo pa mọ́ Amẹ́ríkà. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: Dart, Valiant àti Duster kò kú! Ńṣe ni wọ́n ń rà wọ́n, torí wọ́n kéré, onísílíńdà mẹ́fà sì ń ṣọ́ epo mu. Ara wọn yè, eré wọn ló kú. Wọ́n padà di ohun tí wọ́n ṣe wọ́n fún ní 1960, ọkọ̀ tíṣà àti nọ́ọ̀sì, títí Chrysler fi dá wọn dúró ní 1976.

Ẹ̀yin ọdọ́, mi ò ní tàn yín jẹ. Bíréèkì ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó nǹkan, bẹ́líìtì ìbàdí nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dè, àwọn táyà wọn kò lè di ilẹ̀ mú nínú òjò. Ọkọ̀ oníná tí ẹ ń gùn lónìí máa fi ẹ̀yìn han Duster 340 láìpariwo. Àwọn tó ń sọ pé kò sí ọkọ̀ mọ́ láyé, irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi wá ọkọ̀ kan tó yára tó bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí òṣìṣẹ́ tó tò ó lè rà ní tuntun, kó sì dá tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú sípánà. Ẹ bá mi wá a.

Dodge Main ti ilẹ̀kùn ní 1980, wọ́n sì wó o. Orí ilẹ̀ yẹn àti àdúgbò Poletown tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni General Motors kọ́ fáktìrì sí lẹ́yìn náà, tó ń to ọkọ̀ oníná lónìí. Bàbá Alabama ti lọ. Ọmọ rẹ̀ ṣì ní Swinger náà, ó wà á wá sí Woodward ní Sátidé.

Alága ń wo aago. Kí n dáhùn ìbéèrè tí ẹnì kan kọ ránṣẹ́ sí mi kí n tó jókòó, ó ní òun fẹ́ ra Duster 340 ti 1970, báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú. Owó rẹ̀ ti wọ́n gan-an lónìí, àwọn èèyàn sì ń sọ onísílíńdà mẹ́fà di 340 tà. Kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀, yìnyín àti iyọ̀ Michigan ti jẹ ọ̀pọ̀ wọn dé egungun. Lẹ́yìn náà, wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà, abẹ́ gíláàsì iwájú ló wà, ní ọwọ́ òsì. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VS29H. H yẹn ni 340. Bí kò bá sí H, máa lọ sílé. Òǹkà òdo ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ọdún 1970. Lẹ́tà tó tún tẹ̀ lé òdo ń sọ fáktìrì tí wọ́n ti tò ó fún ọ. Bí o bá rí B níbẹ̀, Hamtramck ni, Dodge Main. Pè mí kí o tó sanwó, n ó bá ọ wá wò ó.

Ẹ ṣeun, mo dúró fún ìbéèrè yín.